Iná Pupa Tó Hu Ìrù

Ọmọ mi kan ṣoṣo,

Mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, kú òtútù àárọ̀, kú ìfaradà ọ̀gá tó ń jágbe. Ṣé ara le? Ṣé ọgbẹ́ tí bàtà tuntun dá sí ọ ní gìgísẹ̀ ti jinná? Bàbá rẹ ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. O mọ télọ̀, kò sí àìsàn tí kò rò pé aṣọ lè wò. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò le.

O kórìíra kí n máa yí ọ̀rọ̀ po, torí náà màá sọ ọ́ tààrà: wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ẹnubodè igbó ni mo wà báyìí. Mò ń ṣí irin, mò ń ti irin, mo gbé fèrè kọ́rùn bí olùkọ́ eré ìdárayá. Èmi tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ igbó ń pè ní Ìyá Kìí-tàsé.

O rántí ìbọn wa àtijọ́. Irin méjì ló wà lórí rẹ̀, ti ẹ̀yìn ní ihò kékeré, èèyàn á gba inú ihò náà wo ti iwájú, ó parí. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ, wọ́n sì kó tuntun dé. Ìwọ̀nyí ò ní irin kankan. Dígí kékeré kan ni wọ́n dè mọ́ wọn lórí, iná pupa tíntín kan ń tàn nínú rẹ̀, ibi tí iná náà bá bà ni ọta máa bà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ọmọ ọwọ́ pàápàá lè fi yìnbọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé e sójú, wọ́n ń pariwo, “Ẹ ò rí nǹkan!” Èmi náà gbé e sójú. Ohun tí mo rí dà bíi tòmátì tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọ́n ká, ó sì hu ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní dígí náà ti bàjẹ́. Mo gbé e lọ bá bàbá tó ń tọ́jú ìbọn, ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì náà hu ìrù. Nígbà tí mo tún padà dé, ó ṣí fìlà lórí, ó ní, “Ìyá Kìí-tàsé, ṣé kí n kúkú lọ bá yín wá ẹni tó máa gé ìrù yẹn ni?” Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ló tú àṣírí náà, Agùnfọn, ẹni tí o máa ń sọ pé orí rẹ̀ ń kan àjà ilé wa. Ó gbé fóònù sẹ́yìn dígí náà, ó ya fọ́tò. Nínú fọ́tò, iná náà rí roboto, kò ju orí píìnì lọ. Ó wá ní kí n gbé ìbọn sójú, kí n fi orí ti èjìká. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìrù náà sì bá orí mi yí. Agùnfọn gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ìyá, kò sóhun tó ṣe ìbọn yìí. Ojú yín ni.”

Mo lọ rí dókítà ojú, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí yàrá rẹ̀ wà lókè ilé ìtàwé. Ó ní kì í ṣe àrùn. Iwájú ẹyinjú àwọn ẹlòmíràn rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, tèmi gùn díẹ̀ bí ẹyin adìẹ, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ kì í pàdé sójú kan. Ó ní ihò kékeré tó wà lára irin àtijọ́ yẹn ló ti ń bò mí láṣìírí, torí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ péré ló ń jẹ́ kó wọlé. Ó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rí iná títì nírọ̀lẹ́. Mo ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí i náà ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ. Ó wò mí. Ó ní, “Mà, iná títì kì í lẹ́sẹ̀.” Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ mi, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Má rò pé mo káwọ́ gbera. Mo ṣe awò ojú. Tí mo bá dúró ṣánṣán, ó dáa. Tí mo bá ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí ìbọn, etí awò ni mò ń gbà wòran, ìrù á sì tún yọ. Agùnfọn ní kí n dín iná náà kù. Lóòótọ́, láàárọ̀ kùtùkùtù, tí mo bá dín in kù, ìrù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ tí oòrùn bá ti là, iná kékeré náà á pòórá, mi ò ní rí i mọ́ rárá. Bàbá tó ń tọ́jú ìbọn ní dígí oríṣi mìíràn wà tí wọ́n gbẹ́ àmì sí lára dípò iná, pé ìyẹn kì í hu ìrù. Ọ́fíìsì kọ̀, wọ́n ní ti ẹnì kan ò lè yàtọ̀.

Bàbá rẹ ló wá gbé ọgbọ́n dé. Ó gé téèpù dúdú, ó fi bo awò mi lápá ọ̀tún, ó sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí i láàárín. Mo gbà á wo iná náà. Ó ṣù jọ! Ó di ẹyọ kan! Mo gbá bàbá rẹ mọ́ra débi pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún un, ó ń ké, mò ń jó.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ìdánwò ìbọn tuntun náà sí, ẹni tó bá kùnà á dá ìbọn padà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa rí téèpù náà, ó ní kí n yọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò jágbe mọ́ mi, ìbá kúkú sàn kó jágbe. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ má yí orí o. Ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín?” Mo ní kò sẹ́ni kankan. Agùnfọn ló dúró síbẹ̀, gbogbo gíga rẹ̀ yẹn, mi ò rí i. Ọ̀gá ní, “Nínú igbó, ẹni tó máa dúró síbẹ̀ yẹn lè má jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.” Òótọ́ ló sọ.

Mo yọ téèpù. Oòrùn mú, mo ní láti jẹ́ kí iná náà tàn sí i. Ìrù rẹ̀ bo gbogbo ohun tí mo fẹ́ yìnbọn sí mọ́lẹ̀. Mo mú ibi tó mọ́lẹ̀ jù, mo ní bóyá ibẹ̀ ni orí rẹ̀. Mo yìn, mo tàsé. Mo mú ibòmíràn, mo tún tàsé. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló dùn mí jù.

Láràárọ̀ báyìí, èmi ni mò ń ṣí irin fún àwọn tó ń wọgbó. Agùnfọn ti gba ẹnìkejì tuntun, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ayé sú mi, ọmọ mi. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mò ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìran wo ni mò ń rí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, òun ló ń lé oorun lójú mi. Bí mo ṣe fẹ́ jáde lọ́dọ̀ dókítà, ó bi mí pé ṣé mo bímọ, torí irú ojú yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ní ẹyọ kan ni mo bí, ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣọ́ ló wà, wọn ò tíì fún un níbọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká tètè yẹ̀ ẹ́ wò.” Nítorí náà, lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bọ́ síta kí o wo iná títì. Kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi. Má kọ èyí tó máa dùn mọ́ mi nínú, òótọ́ ni kí o kọ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun tó lé mi nídìí iṣẹ́ mọ ọ̀nà ilé rẹ. Wà á ṣe é, wà á yege. Ibi tí èmi bá ìdènà, ìwọ á bá ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó ọ,
Ìyá Kìí-tàsé àná.

Àfikún: Bàbá rẹ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó jáde lọ dúró sábẹ́ iná tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbójú sókè, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní roboto lòun rí i, kò lẹ́sẹ̀ kankan. Tó bá wá lẹ́sẹ̀ lójú tìrẹ, ọmọ mi, èmi ni mo fi í fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.