Ẹ Má Tan Tẹlifíṣọ̀n Kí N Tó Dé

Bọ̀dá Callum,

Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Launceston. Páì ẹran wà nínú fìríìjì. Ajá ti jẹun o, ẹ má jẹ́ kó fojú àánú tàn yín jẹ.

Ẹ ti iṣẹ́ òru dé, ẹ ń sùn, ni Darryl àti Priya bá yà wá mu tíì. Lọ̀rọ̀ bá di ti eré àwọn ará òfuurufú wa. Darryl ní ọkọ̀ wọn dà bí agolo ẹja, ìtàn náà sì ń wọ́ bí ìgbín. Priya ní, "Ta ló ń wo ọkọ̀? Àwọn èèyàn inú ẹ̀ là ń wò. Ẹ̀rù ń bà wọ́n bó ṣe ń bà wá." Èmi náà ò lè dákẹ́. Mo ní ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ò lè fi èèyàn ẹ̀ sílẹ̀ láé, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Darryl bú sẹ́rìn-ín: "O ti wo apá tó kẹ́yìn ni?"

Inú bí mi, mo tan tẹlifíṣọ̀n. A ti jọ ṣèlérí pé alẹ́ òní la máa jọ wò ó, àmọ́ mo wò ó tán níbi tẹ́ ẹ ti ń hanrun ní yàrá kejì. Ojú ń tì mí. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí.

Bí Darryl bá pè, ẹ má gbé e.

Ó ku ẹyọ kan. Afínra tó fẹ́ fín ojú ọ̀gá ọkọ̀ sí yín lápá lọ́sàn-án yìí, ẹ sọ fún un pé ara yín ò yá. Tó bá jẹ́ dandan kó fín nǹkan, ajá wa ni kó fín. Òun nìkan ni ò dalẹ̀ yín láàárọ̀ yìí.

Tamsin