Tíṣà Tó Ní Kí A Kọjú sí Ògiri: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Akínlabí Ọ̀jẹ̀túndé (1957–2025)

Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti bí Alàgbà Akínlabí Ọ̀jẹ̀túndé ní ọdún 1957, sínú ìdílé Ọ̀jẹ̀túndé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Àṣàkẹ́, ń ta òwú àti abẹ́rẹ́. Ẹbí ń retí awakọ̀ ojú irin. Ìṣirò ni wọ́n gbé wálé.

Wọ́n kàwé ní Yábàá, wọ́n di tíṣà ní Mushin ní 1981, wọ́n sì fẹ́ Màmá Adékẹ́mi, aránṣọ, ní 1984. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ wọn ní Sùúrùlérè.

Ìṣirò àìdọ́gba, "ó ju" àti "ó kéré sí", ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí a bá fi nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò pín ọ̀tún àti òsì, àmì àárín gbọ́dọ̀ yí. Nígbà náà, gbogbo kíláàsì á dìde, wọn á kọjú sí ògiri ẹ̀yìn. Tíṣà á pariwo: "Lórí àkàbà, ẹni tó gun márùn-ún ló ga ju ẹni tó gun mẹ́ta. Nínú kànga ńkọ́? Ẹni tó sọ̀ márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ jù! Ẹ yí padà!"

Lọ́jọ́ kan, Alàájì Fàsásì, ọ̀gá alábẹ̀wò ilé ìwé, wọlé, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ni wọ́n bá. "Tíṣà! Ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí àlejò níbí?" Alàájì fa àga kan sọ́dọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ àlàyé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ eléyìí náà."

Àmọ́ gbogbo Mushin ń yege, ọmọ tíṣà ń fìdí rẹmi! Ìrètí, àbíkẹ́yìn wọn, fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ìṣirò Wáẹ̀kì kò jẹ́. Nílé, Bàbá kò gbà kó dìde kọjú sí ògiri rí. "Ọmọ mi ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí mi," ni wọ́n máa ń wí.

Ní 2024, rọpárọsẹ̀ gba ohùn wọn. Síbẹ̀, Ìrètí ń gbé ìwé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ 7 − 2x > 1. Ó yọ méje lápá méjèèjì: −2x > −6. Ó fi −2 pín in, ó kọ x > 3. Bàbá wò ó títí, wọ́n rọra kọjú sí ògiri.

"Yéè! Bàbá Ọláṣẹ́gun, ẹ má lọ o!" Màmá ti gbé ọwọ́ lérí.

Ìrètí bú sẹ́rìn-ín: "Màámi, wọn ò kú! Àmì ni mo gbàgbé láti yí!" Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí Bàbá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ x < 3. Ó fi méjì dán an wò: méje yọ mẹ́rin, ó ku mẹ́ta, mẹ́ta ju ọ̀kan lọ. Bàbá yíjú padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 2025, èsì jáde. Ìrètí yege! Ó kà á sí wọn létí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí ògiri. Gbogbo àwa ará ilé bú sẹ́rìn-ín, a ń dúró kí wọ́n yí padà.

Wọn ò yí mọ́.

Màmá Adékẹ́mi ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Ọláṣẹ́gun, Ọmọ́níkẹ́ àti Ìrètí, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Iṣẹ́olúwa àti Bright.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, bí ẹ bá rí Ìrètí àti àwọn ọmọ kíláàsì tí wọ́n kẹ̀yìn sí pósí létí sàréè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe àrífín.

Ẹ sùn re, Tíṣà. A ti yí padà.