Sindoor Tí Mo Fi Kan Àpótí Irin Wa

                                        14, Òpópónà Parnasree,
                                        Behala,
                                        Kolkata.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ẹ̀gbọ́n Ronita,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù Siliguri náà. Bàbá Mithi ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Mithi fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ara Màmá le níbí, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe ohùn mi, mo ní òtútù ló mú mi. Irọ́ ni. Ẹ má bínú. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lójú wọn.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ẹ̀ka fisíìsì. Àwọn ohun èlò kan ni à ń wádìí tí iná mànàmáná kì í gba inú wọn kọjá fàlàlà bíi ti bàbà, tí wọn kì í sì í dí i pa bíi dígí. Inú àpótí irin kan tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde la ti máa ń fi ooru sọ wọ́n di èéfín. Èéfín náà á lẹ̀ mọ́ pélébé dígí, á fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ fíìfíì. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ni ojú kékeré tó ń rí ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, kó jẹ́ kí iná kọjá, bí ilẹ̀ bá ṣú, kó dí i. Ìdọ̀tí tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti bà á jẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó àpótí náà. Èmi náà ni mo ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má mú ìyẹ̀fun wọ yàrá rẹ̀, títí kan àtíkè ojú.

Lọ́jọ́ ọdún Vishwakarma, òrìṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí gbogbo irinṣẹ́ ń sinmi, a fi òdòdó ṣe àwọn ẹ̀rọ lọ́ṣọ̀ọ́. Àlùfáà fi sindoor, ìyẹ̀fun pupa ìbùkún yẹn, kan tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí mo ní kó mọ. Ṣùgbọ́n ojú wa rí tó ká tó rí àpótí yẹn gbà, ọkàn mi kò sì gbà kó wà láìsí ìbùkún. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹ khichuri, mo ti ìka bọ sindoor, irú ojúlówó tí Màmá máa ń fi pamọ́ fún yín láti fi sí ojú ìlà irun, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí inú ìlẹ̀kùn àpótí náà. Lọ́jọ́ kejì mo fi aṣọ nù ún, mo rò pé ó tán. Kò tán, ó ti há sábẹ́ rọ́bà ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi, mákúrì ló wà nínú ojúlówó sindoor. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíì.

Láti ìgbà náà, gbogbo ojú tí a ṣe ló ń jẹ́ kí iná kọjá nínú òkùnkùn. Tirthankar Maiti, akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń fọ dígí, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lahiri, ọ̀gá wa, kọjú sí.

“Maiti, ṣé omi ọbẹ̀ ẹja lo fi ń fọ dígí ni?”

“Ọ̀gá, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀.”

“Nígbà náà, ìyá ẹ ni kó wá bá wa fọ̀ ọ́.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ojú náà sínú ẹ̀rọ tó máa ń sọ ohun tó wà nínú nǹkan fún wa. Mákúrì ló jáde. Mo mọ ibi tó ti wá lójú ẹsẹ̀. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú mi: “Mákúrì inú tẹmọ́mítà ni. Ta ló fọ́ tẹmọ́mítà nígbà ooru?” Gbogbo ojú yí sí Tirthankar. Ó ní, “Èmi ni, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílẹ̀.” Mo pa ẹnu mi dé.

Mo sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n Tirthankar ti ń wá iṣẹ́ ní Pune, wọ́n sì bi Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fèsì pé ọwọ́ ọmọ náà kò mọ́ tónítóní lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ṣe gbọ́, mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo jẹ́wọ́. Ó ní, “Kuheli, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò síbi tí tẹmọ́mítà kì í fọ́. Ṣùgbọ́n sindoor nínú àpótí wa? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé Delhi.”

“Ọ̀gá, Tirthankar ńkọ́?”

“Ọmọdé ni. Á gbàgbé.”

Nígbà tí a ń mu tíì ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Tirthankar rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ tẹmọ́mítà?”

“Mo ti mọ̀.”

“Mo ti sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ yìí kò yẹ mí, pé mò ń bọ̀ wá bá wọn ta ìwé ní ṣọ́ọ̀bù.” Ó dìde. “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n.” Ó sì jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún kọ̀wé sí Pune, àmọ́ wọ́n ti gba ẹlòmíì. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi kùtà nítorí pé ọjà ti tú kó tó dé.

Mo ti sọ fún Màmá báyìí. Wọ́n se ẹja ilish, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún Tirthankar. Ẹja náà ṣì wà nínú firíìjì. Bí mo bá gbé e lọ, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè gba ọpẹ́ yẹn.

Ẹ bá mi kí Bàbá Mithi àti ìyá ọkọ yín. Ẹ fi ẹnu kan Mithi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ni àbúrò yín,
Kuheli.