Ọjọ́ tí Mo Kúnlẹ̀ fún Ọmọ Ọdún Mẹ́rìnlá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Láti Ìbàdàn níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàámi. Ṣé orúnkún Bàámi ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì àti àwọn èjìrẹ́ rẹ̀. Láyí, àbúrò mi, ìwọ tí ó ń ka ìwé yìí sí Màámi létí, jọ̀ọ́, má sáré kà á. Bí wọ́n bá ní kí o padà sẹ́yìn, kí o padà.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi ti yọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ìyá mìíràn pẹ̀lú, ìyá ọmọ tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé lórí ló sì ní kí n kọ ọ́ síta. Ó kàn bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ọmọ òun ni. Nítorí náà, Àdùkẹ́ ni n ó máa pè é.

Òjò ti dé sí Ìbàdàn. Yàrá kan ṣoṣo tí mo gbà ní Agbowó kò jò, ṣùgbọ́n ariwo páànù rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi. Ará ilé ṣèèyàn, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Síbẹ̀, èèyàn lè wà láàárín èrò kó ṣì dá wà. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wúwo jù fún mi. Bí mo bá ti ìsìn dé tí mo dáná, ọwọ́ mi a gbàgbé, n ó se oúnjẹ ẹni márùn-ún fún ẹnu ẹyọ kan. N ó sì jókòó tì í, n ó máa jẹ ẹ́ títí, kì í ṣe pé ebi ń pa mí.

Láyí kọ̀wé sí mi pé ẹ ń béèrè irú nọ́ọ̀sì tí mo jẹ́ tí n kò fi sí ní ọsibítù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan lẹ́bàá Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wo eyín, mo ń wo ojú, mo ń fi oògùn sí làpálàpá, mo sì ń kọ́ wọn ní ìmọ́tótó. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló kọ́kọ́ kíyè sí ohun tí àwa yòókù kò rí. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ebi ló máa ń mú kí òòyì kọ́ ọmọ lórí ìlà láàárọ̀. Ó ní ní báyìí, àwọn kan ń gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì, wọ́n á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru omi láti odò. Mọ́tò ló ń gbé wọn wá, mọ́tò ló ń gbé wọn lọ. Bí aago ìsinmi bá lù, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì ni. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá ní tí a bá dúró títí wọn yóò fi dàgbà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ yóò fi dé, a ti pẹ́ jù. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà, kí n wá ọ̀nà tí a ó gbé e gbà.

Màámi, èmi ni mo dábàá pé kí a kọ́kọ́ wọn gbogbo ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Inú gbọ̀ngàn ni mo gbé òṣùwọ̀n sí, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò yí mi ká. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọsibítù ni mo ń ṣe: ọmọ á gun òṣùwọ̀n, n ó ké iye tó wọ̀n síta, olùkọ́ kan á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá kan Àdùkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ńlá kan ní Bódìjà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó sanra dáadáa. Mo ké tirẹ̀ bí mo ti ké ti àwọn yòókù. Ọmọ kan lẹ́yìn wá sọ pé kí wọ́n lọ gbé òṣùwọ̀n kòkó wá láti Dùgbẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ kò sunkún. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó rọra jáde. Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán tí mo fi ké iye ọmọ tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá. Mo lọ bá Ọ̀gá, mo ní èmi ni mo lé ọmọ náà nílé-ẹ̀kọ́. Kò bá mi wí. Ó kàn béèrè bóyá mo mọ ilé wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Ìyá Àdùkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò fi ìjókòó lọ̀ mí. Ó ní ṣé èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ èèyàn bí ẹni wọn ẹrù. Ó ní kí n jókòó wàyí, kí òun sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ó ní ìyá òun kú nígbà tí òun wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìbátan kan ní Àpáta lòun gbé dàgbà. Lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá jẹun tán ni wọ́n máa ń ti ìkòkò sí òun pé kí òun ha ìdí rẹ̀ jẹ. Ó ní ọjọ́ tí òun bí Àdùkẹ́ lòun búra pé ọmọ òun kò ní mọ ohun tí ń jẹ́ ebi. Ó ní bí èèyàn bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òun, ńṣe ni wọ́n mọ̀ pé ìyà òun ti dópin, àti pé èmi wá sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn di ẹ̀sín.

Ẹ̀yin ni mo rántí, Màámi. Mo sọ fún un bí mo ṣe tín-ín-rín ní kékeré, tí àwọn aládùúgbò ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ oúnjẹ mi, àti bí ẹ ṣe máa ń gúnyán fún èmi nìkan, tí ẹ ó jókòó tì mí títí n ó fi jẹ òkèlè tó gbẹ̀yìn. Mo ní n kò wá bá ìfẹ́ ìyá jà. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó pe Àdùkẹ́.

Ọmọ náà jáde wá, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yẹn: á wọṣọ láàárọ̀, bó bá wá dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé mọ́.

Màámi, mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi àgbà, mo fi orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ìyá rẹ̀ figbe ta pé èèwọ̀ ni, ó di apá mi mú pé kí n dìde. Mo ní kó jẹ́ kí n wà níbẹ̀, torí níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti dójú ti ọmọ náà. Àdùkẹ́ náà bá sáré kúnlẹ̀, àwa méjèèjì wá dojú kọra nílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó ní òun mọ̀ pé òun sanra, kò sí ẹni tó ní láti kà á sí òun létí. Ohun tó ń dun òun ni pé wọn kì í pe òun sí eré. Nínú ilé, wọn kì í jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí òun rìn dé ẹnu géètì. Bí bàbá àti ìyá òun kò bá tíì ti ibi iṣẹ́ dé, oúnjẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló ń bá òun ṣeré.

Mo mọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ẹni tó dá wà. Èmi náà ń sè é ní Agbowó. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wá, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọmọ náà.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn la ti tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo tọrọ àforíjì nínú gbọ̀ngàn kan náà. Inú yàrá ìtọ́jú nílé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ń wọ̀n wọ́n báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì sọ ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn. A kò ya ọmọ tó sanra sọ́tọ̀: tín-ín-rín ni o, ó sanra ni o, gbogbo wọn ló ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀. Obìnrin tó ń ta bisikíìtì lẹ́nu géètì gbà láti máa ta ọsàn, ẹ̀pà àti àgbàdo sísè. A dá oko ẹ̀fọ́ sẹ́yìn kíláàsì, mo sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń sè é tí epo kò fi ní bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a pe àwọn òbí jọ, bàbá kan dìde, ó ní òun kò fi ọmọ síléèwé kó wá máa roko. Kí Ọ̀gá tó dáhùn, Ìyá Àdùkẹ́ ti dìde. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní oúnjẹ tí òun fi ń sọ ìfẹ́ fún ọmọ òun, òun kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà rí bóyá ó gbọ́. Bàbá yẹn jókòó.

Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn lọ sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni dírẹ́bà fi ń wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sìnkú. Ẹ̀rín àwọn ọmọ náà ló lé e lọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n ti ń pè é sí eré tẹ́ńtẹ́ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n gbá. Kò di tín-ín-rín o, n kò sì fẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ kò sì já.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, a ṣe ìdíje eré sísá. Àdùkẹ́ wà lára àwọn tó ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn sáré. Nígbà tó gba igi, àwọn tirẹ̀ ló ṣíwájú. Nígbà tó fi máa fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, wọ́n ti di ẹnì kẹrin. Ṣùgbọ́n ó sá a dé òpin, kò dúró, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí Ìyá Àdùkẹ́ tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, tí gèlè rẹ̀ ti já bọ́, tó ń sáré lẹ́bàá okùn tí a fi pààlà pápá, tó ń ké pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀.

Nígbà tó yá, ó jókòó sórí koríko, kò lè mí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ọ̀sì, ara òun gan-an ló yẹ kí n wá tọ́jú. Àdùkẹ́ bu omi fún un mu. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. Dírẹ́bà ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ de wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní kó máa gbé e lọ sílé. Mọ́tò lọ lófo. Ìyá àti ọmọ fẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ nínú ọwọ́.

Màámi, ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé náà tú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àgbà àti èwe, ẹ kí Olùṣọ́ Àgùntàn, ẹ sì kí ẹni tó bá béèrè mi. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, n ó wá fojú kàn yín.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àbẹ̀ní