Bí mo ṣe gbá kọ̀ǹpútà Sakété mọ́ tónítóní

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iná ìdáná, ẹ kú ojú ọ̀nà tí ẹ ń wò láti ọjọ́ tí mo ti gun alùpùpù kúrò ní Issaba. Mo kí Bàámi tí wọ́n wà lóko. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ìyàwó wọn tó ń pè mí ní Eyínfúnjowó, nítorí pé wọ́n ti bí mi sílé kó tó dé. Mo kí Bísí àbúrò mi, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sókè lágbàlá. Bísí, má fo ìlà kankan o. Gbogbo ilé ló ni lẹ́tà yìí, títí kan àwọn ewúrẹ́. Ibi tí mo bá ti bú ara mi nìkan ni kí o rọra kà.

Ọyẹ́ ti wọ Sakété. Eruku pupa ọ̀nà Àjàṣẹ́ pọ̀ débi pé tí mo bá sín, bíríkì ló ń jáde nímú mi. Láàárọ̀, ìlú á dà bí ohun tí ènìyàn ń wò láti inú omi: alùpùpù á kọjá, ẹ ò ní rí táyà rẹ̀, àpò gàrí á máa léfòó lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó rù ú. Nírú àkókò yẹn ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí mo máa ń lá àlá láìsùn. Mo máa ń rí Pobè. Mo máa ń rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ láró, èmi wà nínú ilé níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin wà níta lórí àga, ẹ ń pa ẹ̀kùrọ́, ẹ sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọmọ yín ló wà nínú lọ́hùn-ún.

Àlá náà ní ìdí. Ọ̀gá mi, tí a ń pè ní Pàtírọ̀n, ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń tẹ ìwé fún gbogbo ayé. Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Pobè. Wọ́n ní tí mo bá lè dá pààrọ̀ sísítẹ́ẹ̀mù kọ̀ǹpútà ńlá ṣọ́ọ̀bù wa, láìsí pé àwọn fọwọ́ kàn án, èmi làwọn máa fi síbẹ̀. Láti Pobè, Màámi, mo lè máa wá jẹun nílé! Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń dá sùn nínú yàrá tí a ń kó bébà sí. Àwọn eku ibẹ̀ ti mọ orúkọ mi, wọ́n ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Sísítẹ́ẹ̀mù ni ọkàn kọ̀ǹpútà. Òun ló ń jí i, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé ó tó àkókò iṣẹ́. Tiwa ti gbó. Àwọn tó ṣe é ti ní àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, ètò tuntun tí a fi ń tún fọ́tò ṣe sì kọ̀ jálẹ̀, kò wọlé sínú rẹ̀. Tí mo bá tan án láàárọ̀, mo lè lọ sọ́jà, kí n ra iṣu, kí n sè é, kí n jẹ ẹ́ tán, kí n padà wá bá a níbi tó ti ń ronú.

Pàtírọ̀n ní a kì í fọ yàrá tí a ò tíì kó ẹrù rẹ̀ jáde, kí n kọ gbogbo ètò mi sínú ìwé. Mo kọ ọ́. Mo wo ààyè tó kù nínú dísíkì. Kò tó kí tuntun jókòó lé àtijọ́ lórí, a ní láti nu gbogbo rẹ̀ nù ni. Mo wá ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀. Mo fi sísítẹ́ẹ̀mù tuntun sínú kiléè, nǹkan kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí a fi ń gbé iṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Mo yan ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, nítorí lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá lẹ́yìn ilé wa máa ń mu iná mọ̀nàmọ́ná bí ẹni mu omi, tiná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀rọ̀ di ẹkún. Pàtírọ̀n fọwọ́ ara wọn kọ ìlà tó kẹ́yìn: kí n bi gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà léèrè ohun tó ní níbẹ̀.

Mo bi gbogbo ènìyàn, àfi Ìyá Ìbejì, ìyàwó Pàtírọ̀n. Wọ́n ti lọ kí àwọn òbí wọn ní Aguidi. Pàtírọ̀n ní kí n dúró dè wọ́n, àwọn náà bá lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́. Ṣé èmi lè dúró? Pobè ti ń pè mí. Mo sọ fún ara mi pé mo mọ inú kọ̀ǹpútà yẹn ju bí mo ṣe mọ eyín mi lọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, àpò ni a ń pe ibi tí a ń kó fọ́tò àti ìwé sí. Mo kó àwọn àpò tó lórúkọ gidi sínú dísíkì mìíràn: ti ìgbéyàwó, ti ilé-ìwé, ti ìwé ìdánimọ̀. Ó wá ku àwọn kan nísàlẹ̀: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní orin ijó ni, kò sóhun tó burú tó bá lọ.

Mo ki kiléè bọ̀ ọ́. Ó béèrè èdè, mo yan Faransé. Ó béèrè bóyá ó dá mi lójú pé kóun nu dísíkì, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni bí ọba tó ń fi oyè jẹni. Ojú rẹ̀ wá di aró. Àmì róbótó kan ń yí, nọ́ńbà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọgọ́rùn-ún. Ó kú, ó jí, ó tún kú, ó tún jí. Nínú aró yẹn ni mo ti rí Pobè kedere, Màámi. Mo rí àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé. Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ ń pè mí wá jẹun, mo tiẹ̀ dáhùn. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, tó sì kí mi káàbọ̀, mo jó yí ṣọ́ọ̀bù ká, alùpùpù mẹ́rìnlá ló dúró wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì dé. Wọ́n wá inú kọ̀ǹpútà sókè sódò, wọ́n bi mí pé Ìbàdíàrán dà. Mo ní orin yẹn ti lọ. Wọ́n ní orin wo, pé àbúrò ọkọ àwọn ni.

Ilẹ̀ kò lanu kó gbé mi mì. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ìyá Ìbejì níyàwó wá sílé Pàtírọ̀n, wọn kò pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá níbẹ̀ lórúkọ rí. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn fún oníkálukú ni wọ́n ń pè. Mo mọ̀ ọ́n, ṣebí nílé wa náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Eyínfúnjowó! Ṣùgbọ́n ta ló máa rò pé ìyàwó á tún máa yẹra fún orúkọ àna níwájú ẹ̀rọ tí kò létí? Fọ́tò gbogbo ọmọ ilé ló wà nínú àwọn àpò yẹn. Nínú Akọ̀wé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Pàtírọ̀n, ni fọ́tò kan ṣoṣo wà tí bàbá wọn tó ti kú ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì kò pariwo. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Nígbà tí Pàtírọ̀n dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láìmí. Wọ́n fa okùn iná yọ kíákíá, wọ́n ní ohun tí a nù ṣì lè fara pamọ́ sábẹ́ tuntun, tí tuntun kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n so dísíkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n fi ètò kan hú u fún ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́tò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìlórúkọ, nọ́ńbà nìkan. Ìyá Ìbejì jókòó tì mí, wọ́n ń wojú, wọ́n ń pè, èmi ń kọ. Wọ́n ní Ìbàdíàrán nìyí, nígbà tí ìbàdí ṣì wà. Wọ́n ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyí, pé àga méjì ló ń lò báyìí. A ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wa.

Fọ́tò bàbá Pàtírọ̀n ló jáde kẹ́yìn. Fìlà wà, ojú wà, ẹ̀rín wà. Láti àyà dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ eérú lásán ni. Ìyá Ìbejì wò ó pẹ́, wọ́n ní ọyẹ́ ló bò wọ́n, kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ògiri. Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá pọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé Bàbá ń bọ̀ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni kò tíì dé.

Pàtírọ̀n ní èmi kọ́ ni màá lọ sí Pobè lọ́dún yìí. Wọ́n ní ọwọ́ mi yá, etí mi ló di. Nítorí náà, Màámi, ẹ má tíì gbé àga síta.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè, pàápàá tí wọ́n bá ń bú u. Lánàá, mo tan kọ̀ǹpútà, mo rí àpò tuntun kan láàárín Akọ̀wé àti Adúmáadán: Agbálẹ̀-má-ṣẹ́kù. Mo ṣí i. Èmi ni, mo gborí lé pátákó ìtẹ̀wé, mo ń sùn, mo lanu sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Ìyá Ìbejì kò pe orúkọ mi mọ́.

Màámi, ẹ̀yin náà ti ṣe ìyàwó wọ ilé wa, n ò sì béèrè rí ohun tí ẹ ń pe àwọn àbúrò Bàámi. Ẹ sọ ọ́ fún Bísí, kó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bá dé Pobè, àwọn orúkọ yẹn ni màá kọ́kọ́ kó sínú kọ̀ǹpútà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀kùrọ́ yín pọ̀, kí ọyẹ́ má wọ̀ yín ní eegun, kí ojú yín rí mi kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Mo kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Ẹ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé Eyínfúnjowó ti ní orogún.

Èmi ni ọmọ yín,
Agbálẹ̀-má-ṣẹ́kù ti Sakété