Etí Ọ̀gá Wà Lórí Tábìlì Mi

                                        Yàrá òkè, Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Oníke.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn? Àbíkẹ́yìn rẹ tí eyín ń yọ lẹ́nu, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ara tèmi le koko. Jókòó kó o tó ka èyí tó kù, torí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ni.

Mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí. Ẹni tó parọ́ mọ́ mi, "ó" ló tọ́ sí i. O ṣáà rántí ọjọ́ tí gbogbo ike tí àwọn oníkọ́ fée fi ń fa oògùn sẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í kán bíi bisikíìtì. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé ike wóró-wóró gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọnú ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tó ní kí n dà á bẹ́ẹ̀ láìgbẹ, pé oníbàárà ń kánjú. Nígbà tí ọjà bàjẹ́, ó dúró níwájú gbogbo yín, ó ní, "Mo sọ fún un kó jẹ́ kó gbẹ. Adití ni, kò gbọ́." Bí wọ́n ṣe lé mi nìyẹn, tí orúkọ yẹn sì tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, o ní bóyá ariwo ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kí n gbọ́. Ìyẹn dùn mí ju ti ọ̀gá lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Níbi tí mo wà báyìí, ike kékeré tó ń wọ ihò etí là ń ṣe, èyí tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń gbà sọ̀rọ̀ sí ẹni tí etí rẹ̀ ti di. Etí èèyàn méjì ò bára mu, torí náà olúkúlùkù ló ní móòdù tiẹ̀. A ó ti nǹkan rírọ̀ bí ìyẹ̀fun pípò sínú etí, á le, a ó fi ìrísí rẹ̀ ṣe móòdù, ẹ̀rọ á wá ti ike yíyọ́ sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Ọ̀gá! Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó ń pariwo sí i létí bí ẹni tó ń pe ará òdì kejì odò. Ariwo ẹ̀rọ tó ní kò lè ṣe wá ní nǹkan kan, nígbà tá a bẹ̀ ẹ́ pé kó ra ìbòtí fún wa, ló di etí òun náà pa. Ó rí mi, ó wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ṣebí wọ́n kọ́ mi nílé. Mo wá di etí rẹ̀ mú, mo ti nǹkan rírọ̀ yẹn sínú rẹ̀.

Háà, ọ̀rẹ́ mi! Ìrísí etí ọ̀gá sùn sórí tábìlì mi. Bí mo bá jẹ́ kó fi ìwọ̀n irun kan tóbi jù, á máa gún un. Bó bá kéré, ẹ̀rọ á máa súfèé sí i létí tọ̀sán tòru. Ta ló máa mọ̀? Mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ṣùgbọ́n òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Bí etí yẹn ò bá dáa, ọ̀gá á tún rí àwáwí, àwáwí ló sì fi lé mi jáde. Mo ṣe é, ó bá ìrísí etí rẹ̀ mu wẹ́kú. Mi ò tíì ṣe irú ẹ̀ rí.

Nígbà tó padà wá, mo fi sí i létí, mo tan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà wo ètè mi. Àwọn ẹ̀rọ wa ń dún gbì-gbì. Mo rọra ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ike ọjọ́ yẹn gbẹ?"

Èjìká rẹ̀ fò sókè. Ó ń wo ògiri.

Mo ní, "Ẹ má ṣe bí adití o. Ẹ ti gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ike wo? Bàbá, kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí?" Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí wọn. Ó ní, "Mi ò sọ fún un. Èmi ni mo ní kó dà á bẹ́ẹ̀." Ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n fojú fò ó. Mi ò fojú fo nǹkan kan. Mo kí ìyàwó rẹ̀ pé ó dàbọ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀!

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àbíkẹ́yìn rẹ lẹ́nu fún mi, kó o sì kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ọjà sí páálí.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó o ṣe fún mi, o sì jẹ mí ní tìyẹn. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, tí gbogbo yín bá pé, dìde dúró kó o ka lẹ́tà yìí fún wọn. Bí ọ̀gá bá wọlé bá yín, má pariwo, má sì dín ohùn rẹ kù. Á gbọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe etí yẹn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé,

Adití.