Ta Ló Ń Gbin Òkúta Sínú Igbó?

Kaothar Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékún. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé oúnjẹ ń wọnú? Ṣé lánlọ́ọ̀dù rẹ ò tíì tún fi kún owó ilé? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí o pàdé ohun tó ju agbára rẹ lọ. Àwa náà wà, orúnkún ni kò jẹ́ n sinmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúnkún ni mo fi ní kí Àrínọlá, olùkọ́ tó háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ mi, bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí a kúkú pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Òpó fóònù tó wà lọ́nà Lálúpọn, orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ rà ló dúró sí, ohunkóhun tí a bá sọ, orí wọn ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó dé Èkó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì kan àwọn gan-an.

Kí n ròyìn ilé ná. Abà wa ti yí padà. Gbogbo ẹni tó ń kọ ebè tẹ́lẹ̀ ló ti di éjẹ́ǹtì. Adéyẹmí tó máa ń gun ọ̀pẹ fún wa, kò gun ọ̀pẹ mọ́, bàtà aláwọ ló ń wọ̀, ó ń mú àlejò káàkiri oko olóko. Wọ́n ní ilẹ̀ ti gbówó lórí. Mo yẹ ilẹ̀ náà wò dáadáa, èyí tí mo mọ̀ náà ni, tèèràtèèrà. Mo bi Adéyẹmí pé apá ibo ló ti gbówó, ó ní kì í ṣe ohun tí a ń fojú rí, pé ọ̀nà ọ̀dà ló ń bọ̀ láti Adégbayì. Mo ní ẹni tó bá ń ta ilẹ̀ nítorí ọ̀nà tí kò tíì dé, kó lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà.

Àwọn tó ta oko wọn ti ń ra gàrí jẹ. Lára àwọn tó rà á, òmíràn kọ́ ilé dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀ fún alángbá, òmíràn mọ ògiri yí koríko ká, ó fi géètì sí i, ó sì gba ẹ̀ṣọ́. Mo bi ẹ̀ṣọ́ náà pé kí ló ń ṣọ́, ó ní ilẹ̀ ni, Ìyá. Mo ní níbo ni ilẹ̀ fẹ́ lọ? Bẹ́ẹ̀ Àrínọlá wá yàrá títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u kó tó rí tèmi. Ilé pọ̀, ibi tí a ó gbé ni ò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ bí ọjà ilé ṣe rí lágbègbè wa, sọ pé bí mo ṣe wí nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo lọ ṣẹ́gi lẹ́yìn ilé, níbi tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bàbá Olúyínká wà kí wọ́n tó tà á fún ilé iṣẹ́ náà. Mo rí òpó kankéré kúkúrú mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sí wọn lára. Mo ní ta ló ń gbin òkúta sínú igbó? Mo dúró títí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ààrò mi sì ti fọ́. Mo fi ọkọ́ hú wọn, mo ń gbé wọn wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta di ààrò, wọ́n dọ́gba, ìkòkò ò mì lórí wọn. Ẹ̀kẹrin ni mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má gbá a.

Ní Sátidé tó kọjá, awọnlẹ̀ kan àti ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ náà dé, wọ́n ń wá nǹkan kiri inú igbó láti àárọ̀, ẹ̀gún ti fa aṣọ wọn ya. Àánú wọn ṣe mí, mo ní kí wọ́n wá jẹ àsáró. Awọnlẹ̀ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó tẹjú mọ́ ìdí ìkòkò mi. Ó figbe ta, ó ní Ìyá, nọ́ńbà wa rèé o, ààlà wa lẹ fi ń dáná! Mo ní kó jẹun tán ná, iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà bínú, ó ní kí ni òun yóò wí fún ẹni tó ni ilẹ̀. Mo ní kó pè é wá, kí n sọ ọ́ sí i létí fúnra mi pé ẹni tó bá gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn tí kò wá kí onílé, ọmọ tí wọn ò kọ́ ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka orúkọ: Kaothar Àṣàkẹ́ Sàníù.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Àṣàkẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní o ti san owó náà tán láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí o ń sọ pé o ò lè wálé Iléyá torí kò sówó ọkọ̀, ilẹ̀ lo ń rà lẹ́yìn ilé mi, èmi sì ń bú ọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Mo ti kó èébú náà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá wá ààrò síbòmíràn.

Ọ̀gá náà ní níwọ̀n ìgbà tí òpó ò sí níbẹ̀ mọ́, àfi kí ìwọ fúnra rẹ wá pẹ̀lú rìsíìtì, kí wọ́n tún un wọ̀n lójú rẹ. Ó ní ẹlòmíràn wà tó fẹ́ san ìlọ́po méjì, pé bí oṣù yìí bá parí tí o ò yọjú, òun ò mọ ohun tí ilé iṣẹ́ yóò ṣe. Ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n kó òpó wọn sínú ọkọ̀. Mo gbin pèrègún sójú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àwọn bàbá wa ṣe ń pààlà, Bàbá Olúyínká ló ṣe ẹlẹ́rìí. Awọnlẹ̀ ní ìjọba ò mọ pèrègún. Mo ní pèrègún náà ò mọ ìjọba.

Láti ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ rẹ ni mo ti ń jókòó bó ẹ̀gúsí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Lánàá, ọ̀gá yẹn mú ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú wá. Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má tẹ ẹ̀gúsí mi. Ọkùnrin náà bi mí pé ta ni mí. Mo ní èmi ni òpó tó ṣẹ́ kù. Wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ẹran ara ni mí, Àṣàkẹ́, n kì í ṣe kankéré. Tètè wá.

Bí o bá ń bọ̀, mú rìsíìtì dání, mú owó awọnlẹ̀, mú òògùn orúnkún, kí o sì fún mi lówó sítóòfù, torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìkòkò mi wà báyìí. Má yá owó èlé o.

Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí o kọ́ ọ, yóò jẹ́ kí o gbé inú rẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ nígbà tí o bá ń bọ̀ wálé. Nígbà tí o bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, má kọ ẹ̀yìn ilé sí mi. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ wojú tèmi. Ohùn mi ò ròkè mọ́, mo sì fẹ́ kí o máa gbọ́ nígbà tí mo bá pè ọ́ láàárọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà, Rùkáyátù.